Àgùnfọn Tó Gbé Ọ̀rá Mì

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ń wo fídíò nínú ilé wa l'Éjìgbò. Ó ké pè mí: "Màmá, ẹ wá wo ọrùn àgùnfọn!" Mi ò lè wò ó. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

Ìwé kẹfà ni mo wà tí olùkọ́ wa kó wa lọ sí ọgbà ẹranko kan tó jìnnà sílé. Èmi àti Ràmọ́tà, ọ̀rẹ́ mi, la jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ wa wọ̀ débi pé a máa ń pààrọ̀ bàtà, kálukú á wá máa tiro kiri.

Bàbá kan, ọmọ Másífà nítòsí Éjìgbò wa, ló ń tọ́jú àgùnfọn ibẹ̀. Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pe ẹranko náà. Bàbá ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni irú rẹ̀ ti ń rìn, tó ń já ewé lórí igi ẹlẹ́gùn-ún; pé bó bá fẹ́ mumi, àfi kó la ẹsẹ̀ iwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú; pé ó ń jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù. "Ẹ má fún un ní nǹkankan o. Ohun tí kò bá lè dà, inú rẹ̀ ló máa dí."

Bí wọ́n ti yíjú, mo na ọ̀rá gúgúrú mi sókè. Mo kàn fẹ́ kí ahọ́n dúdú gígùn yẹn kàn mí lọ́wọ́ ni. Ó gba gúgúrú tòun tọ̀rá, ó gbé e mì.

Bàbá figbe ta. "Ta ló ṣe é?"

Olùkọ́ wo èmi àti Ràmọ́tà. Mo nàka. "Ràmọ́tà ni, sà."

Ràmọ́tà bọ́ síwájú. Wọ́n nà án lójú gbogbo wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a gbọ́ pé Àdùkẹ́ ò jẹun mọ́, ó sì ti kú. Kí ọdún tó parí, ìyá Ràmọ́tà mú un lọ sí Àbíjàn.

Iléyá èṣí ló tó padà wálé, irun rẹ̀ ti funfun. Mo jẹ́wọ́ fún un.

"Ṣebí mo rí ẹ," ló wí.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Màmá ẹ ni wọ́n ń fún mi lóúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́. Ṣé kí n wá dójú ti ọmọ wọn ni?"

Bá a ti ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ wa kan kọjá, ó kí i: "Apàgùnfọn, o kú ọdún o!" Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn. Mo lanu, mo tún pa á dé.

Ilé ìwé wa ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn olùkọ́ wa ti lọ tán, orúkọ yẹn nìkan ni kò lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ l'Éjìgbò, ẹ má pe Ràmọ́tà bẹ́ẹ̀. Èmi ló ni ín.