Egbére Tó Ń Ṣe Bàtà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́rú, nígbà tí iṣẹ́ lẹ́sìnnì tí mò ń ṣe ní Bódìjà fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń kọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan nípa iwin kúkurú ilẹ̀ Áyálándì. Mo ní òrìṣà ńláńlá ni ìran wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ṣẹ́gun wọn, ni wọ́n bá sá wọ abẹ́ òkìtì. Bí àwọn èèyàn ṣe ń gbàgbé wọn ni wọ́n ń kéré sí i, títí ọ̀kan fi di aránbàtà. Kó lè yé e ni mo ṣe pè é ní egbére.

"Anti, ẹní rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ẹní. Bàtà ló ní."

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, sáré jáde láti kíṣìnnì. "Egbére! Nínú ilé tèmi?"

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé ẹ̀rù bà mí. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ti òyìnbó ni."

"Áà, ti òyìnbó! Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ni ọmọ bá tún béèrè pé, "Ṣé egbére tiwa náà ti ṣe òrìṣà rí?"

Ìró ṣíbí dákẹ́ ní kíṣìnnì. Mo ní n ó dáhùn lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n wádìí ẹ̀ fún un ni, àbí kí n di iṣẹ́ mi mú?