Bí Ọmọ́ṣaléwá Ṣe Rí Òkun Tó Pa Rọ́rọ́

Ọ̀rẹ́ mi Ọmọ́ṣaléwá kì í ṣe ojo. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ohun tí mo fẹ́ rò fún yín lè mú kí ẹlòmíràn fojú ojo wò ó. A jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ni. Òun ń gbé ní Lurup, ní Hamburg, nílẹ̀ Jẹ́mánì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Èmi ń gbé ní Reinickendorf, ní Berlin, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, bí aláìsàn bá ń jà, òun ni wọ́n máa ń sáré pè. Omi nìkan ló ń bà á lẹ́rù láyé yìí.

Kò sì bà á lẹ́rù lásán. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, òkun Èkó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Láoyè, lọ lójú rẹ̀, ní ọjọ́ kejì Ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ṣòfin pé ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òkun mọ́, Ṣaléwá sì pa òfin náà mọ́ fún odindi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ní ọdún 2017, ó pè mí lórí fóònù.

“Mojí, ẹ̀rù yìí ti pẹ́ jù lára mi,” ló wí. “Mo ti register ní Schwimmbad, kí wọ́n kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, omi tó mu pọ̀ ju èyí tó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò pa á tì, nígbà tí ọdún fi máa yí, ó ti lè lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì láì sinmi. Ohun kan ṣoṣo ló wá kù: ó fẹ́ wọ òkun lẹ́ẹ̀kan, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ti Jẹ́mánì tutù jù, ti Èkó kò ṣeé dárúkọ lójú rẹ̀. Ló bá mú Siri Lanka, erékùṣù kan ní ilẹ̀ Éṣíà, níbi tí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ilé. Ó ní kí n bá òun lọ. Èmi ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró létí omi, kí n di tówẹ̀lì mú.

Ibi tí ọgbọ́n wa ti tán rèé. Oṣù kìíní ọdún ni àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń kọ ọjọ́ ìsinmi wọn sílẹ̀, bó o bá sì ti kọ ọ́ tán, ó parí. Ṣaléwá kọ oṣù kẹjọ.

“August break now!” ló sọ fún mi. “Ta ni ò mọ̀ pé òjò máa ń sinmi nínú August?”

Mo ní òótọ́ ni. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó mọ̀ pé bí òjò bá fi oṣù kẹfà àti ìkeje ṣe wèrè, yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kí aṣọ lè rí oòrùn gbẹ. Àwa méjèèjì rò pé òfin gbogbo ayé ni. Èmi tí mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, èmi gan-an ni mo yan hòtẹ́ẹ̀lì, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, nítorí pé fọ́tò rẹ̀ wù mí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a ní Hamburg. Ooru ọdún 2018 yẹn mú, gbogbo koríko ìlú ti di pupa. A lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Selvam. Ọmọ Siri Lanka ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń tajà fún wa, ó mọ iṣu tó dùn ún gún ju èmi lọ. Ṣaléwá fi ìdùnnú sọ fún un pé ìlú rẹ̀ là ń lọ. Ọkùnrin náà gbé iṣu kalẹ̀.

“Nínú oṣù kẹjọ? Ní ìwọ̀-oòrùn?” ló fi èdè Jẹ́mánì béèrè. “Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.”

“Ẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án ni ìjì òjò máa ń na ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù. Àsíá pupa ni wọ́n ń rì mọ́ etí òkun. Omi yẹn máa ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀.”

Ṣaléwá kẹ̀yìn sí i. Ó jáde, kò mú iṣu. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀, ó ti mú fóònù rẹ̀ jáde.

“Òkun ò fẹ́ mi, Mojí. Màmi ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo ń cancel gbogbo ẹ̀. Abeg, don't talk.”

Inú bí mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi tí mo fi fọ́tò yan hòtẹ́ẹ̀lì.

“Ṣaléwá, bí a bá ń sunkún, à máa ríran,” ni mo wí. “Ọkùnrin yẹn ò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó o fi sá jáde. Oya, dìde. Kò sí Urlaub, kò sí ìsinmi míì fún ẹ lọ́dún yìí.”

Mo fà á padà. Selvam ti ya erékùṣù náà sórí bébà, ó dà bíi máńgòrò. Ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó ní òkè gíga wà níbẹ̀ tó ń dá òjò dúró. Bí ìwọ̀-oòrùn bá ń jà nínú oṣù kẹjọ, ìlà-oòrùn á gbẹ, òkun ibẹ̀ á sùn. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, wọ́n á pààrọ̀. Ìlà-oòrùn ni wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀. Ó kọ orúkọ ibì kan sílẹ̀, Pasikudah, ó ní àpáta abẹ́ omi ń fọ́ ìgbì níbẹ̀ kó tó dé etí, èèyàn lè rìn jìnnà kí omi tó dé ìbàdí rẹ̀.

“Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́, kí afẹ́fẹ́ tó dìde,” ló wí. “Ẹ má sún mọ́ ẹnu odò. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn apẹja pé níbo làwọn ọmọ wọn ti ń wẹ̀.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí a fi yí hòtẹ́ẹ̀lì padà sí Pasikudah.

Ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn tí pápákọ̀ òfuurufú wà, òjò ló pàdé wa. Láti inú ọkọ̀ la ti rí òkun ìwọ̀-oòrùn, ó dọ̀tí, ó ń bú ramúramù, àsíá pupa ń jà lókè rẹ̀. Ṣaléwá di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ẹran. A rin ìrìn àjò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a kọjá àwọn òkè, òjò dá; nígbà tó yá, eruku ló ń bò wá. Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òkun wà níwájú wa, ó pa rọ́rọ́ bí omi inú agbada. Àbí ẹ rò pé Ṣaléwá wọ̀ ọ́? Ó bi apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ọkùnrin náà kàn rìn wọnú omi dé ìbàdí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó bi ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta omi síra wọn. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń béèrè.

“Ṣaléwá, ṣé o fẹ́ gba ìwé Bescheinigung lọ́wọ́ òkun ni?” ni mo bi í. “Kó fi òǹtẹ̀ lù ú fún ẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà.

Omi mù ún dé ẹsẹ̀, ó mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìbàdí. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ń gbàdúrà, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ sórí omi, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun. Nígbà kan orí rẹ̀ rì, mo pariwo orúkọ rẹ̀. Orí náà tún yọ. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ó dìde, ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

“Mo ti jáde,” ló wí.

Ara mi fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A dì mọ́ra, a ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún, aṣọ mi tutù rinrin. Mo rò pé ó parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní kí n bá òun gbé fóònù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán ní Èkó, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti jí fún àdúrà.

“Ẹ káàárọ̀, màmi.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Màmi, ẹ má bínú. Mo wọ òkun. Mo wọ̀ ọ́, mo sì ti jáde.”

Mo rò pé network ti já.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?” ni màmá béèrè nígbẹ̀yìn.

“Èmi ni mà, Mojíbọ́lá.”

“Mojí, ṣé lóòótọ́ ló jáde?”

“Lóòótọ́ ni mà. Ó wà níwájú mi báyìí, omi ń kán lára ẹ̀.”

A gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Olúwa. Bá mi nu orí ẹ̀ dáadáa, kí òtútù má mú un. Wọn ò jẹ́ kí n nu ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀.”

Ṣaléwá jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó tẹ orí ba fún mi. Mo mú tówẹ̀lì, mo ń nù ún, màmá sì ń gbọ́ wa lórí fóònù títí ó fi gbẹ.