Ọdún Méjìdínlọ́gọ́ta Lẹ́yìn Odò Ọya

Sàníù Akíntáyọ̀, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, sọ fún Títíladé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé Lazarus ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọ̀rẹ́ ni òun àti Lazarus, wọ́n sì jọ wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1967, nígbà ogun abẹ́lé. Lazarus ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n kó wọn dé Asaba, wọ́n ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya lọ gba Onitsha. Ọmọ oko ni wọ́n. Odò tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tí èèyàn ń ká ṣòkòtò là kọjá. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀.

"Sàníù, tá a bá délé, ta ló máa gbà pé omi tó báyìí wà?" ni Lazarus wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láàárín odò, ìbọn bò wọ́n. Ọkọ̀ wọn dojú dé. Sàníù rí okùn kan dì mú. Ó rí ọwọ́ Lazarus lẹ́ẹ̀kan, kò rí i mọ́. Wọ́n tún gbìyànjú láti sọdá lẹ́yìn ìyẹn, pàbó ló já sí. Sàníù kò mọ iye ẹni tó bá odò lọ. Ó máa ń sọ pé àwọn tó ń yìnbọn láti òdìkejì náà ní ìyá.

Ìwé tó dé ilé Lazarus sọ pé wọn ò rí i, kò sọ pé ó kú. Nígbà tí Sàníù dé, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. A kì í dédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ló ń fọgbọ́n sọ ọ́. Sàníù ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyá." Àtilọ bá àwọn àgbà, ó sún un dọ̀la, ó sún un dọ̀túnla, títí ìyá fi kú.

Ìyàwó ẹni tó ń bọ̀ kì í ṣe opó. Kò sí ọkùnrin tó kọnu sí Títíladé, kò sì bímọ. Lọ́dọọdún ló ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú àdúrà àwọn arìnrìn-àjò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Sàníù. Títíladé gbé gàrí wá kí i.

"Ẹ má tíì kú o, ọkọ mi," ló fi dápàárá, bó ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà ìyàwó. "Bẹ́ ẹ bá lọ, ta ni n ó máa bi léèrè ẹni yẹn?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Sàníù lọ jókòó de Títíladé lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ títí obìnrin náà fi ti ìsìn dé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Sàníù." Títíladé kò pe orúkọ rẹ̀ gán-an rí. "Ìyá rẹ̀ lo ṣàánú. Èmi ńkọ́? Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà."

Sàníù dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, kó o má lọ kán légungun sí mi lọ́rùn. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́ lójú ìjọ."

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí Lazarus, ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù tí Títíladé ń lọ. Sàníù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.