Ẹnu Gègé Ìyá Mi

Òórùn tàdáwà tó dà sórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí ló rán mi létí ọ̀sán kan ní Bẹẹrẹ. Bàbá mi ti fi ìbínú tẹ gègé ìyá mi mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú oòrùn, ó ń wá ẹnu gègé mìíràn tó máa bá a mu.

Ọ̀kan tóbi jù, òmíràn ń mì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní, “Màmá, ẹ kúkú ra gègé tuntun.”

“Rárá o. Èyí tí ọkọ mi tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí gan-an ni màá fi kọ lẹ́tà mi.”

Ẹ̀kẹrin ló wọ̀ ọ́ rẹ́gí. A jókòó sórí àtẹ̀gùn Mápó, ó sì kọ lẹ́tà sí ilé kan ní Ọ̀rányàn. Ó ń tẹ gègé mọ́ ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń kí wọn ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé àwọn òbí ọmọbìnrin tí bàbá mi fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì ló ń ròyìn ìlùkulù tí bàbá mi ń lù ú fún, wọn kò sì fún bàbá mi lọ́mọ wọn mọ́.

Lórí àtẹ̀gùn náà, ìyá mi gbé ìwé náà lé mi nítan. “Kọ orúkọ tìẹ náà sísàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìṣojú ẹ ni.”

Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, inú mi ń dùn pé ó jẹ́ kí n lo gègé rẹ̀.