Àkànní, Ọkọ̀ Gun Òkè, Ẹ̀yin Lẹ Ò Dúró

Yéè! Ikú ṣe mí léṣe o. Àkànní ọkọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lọ? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú yín yìí pé ó dàrìnnàkò, pé ó dojú àlá. Ta ló ń fẹ́ àlá? Ẹ̀yin ni mo fẹ́, bí ẹ ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ wọlé, tí ẹ ó ju báàgì sórí àga, tí ẹ ó ní, "Àbẹ̀ní, kí ló wà nílẹ̀?" Kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́, ọkọ mi. Ilé ti ṣófo.

Àwọn mìíràn yóò sọ̀rọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, wọn yóò sì sọ bí ẹ ṣe ṣe olórí akọrin nínú ìjọ Aládùúrà wa títí ohùn yín fi há. Kí wọ́n máa sọ ọ́, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mọ́tò lèmi ìyàwó yín fẹ́ sọ. Inú mọ́tò yẹn ni mo ti mọ irú ọkùnrin tó fẹ́ mi, inú rẹ̀ náà ni mo ti pàdánù yín.

Kò sí ará Akanran níbí tí kò mọ̀ pé láti kékeré ni àìsàn ti mú ẹsẹ̀ òsì mi. Ẹsẹ̀ òsì sì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò. Ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, bọ́ọ̀sì ni mo ń dúró dè láàárọ̀, ẹni tó bá sì lè sáré ló ń rí àyè jókòó. Nígbà tí mọ́tò tòkunbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ nígboro, ẹ wá mọ́tò ọtomátíìkì kan lọ, èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹ gbé e wálé, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Àbúrò yín wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò arọ lẹ rà yìí!" Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́. Ẹ ò bínú. Ẹ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi á máa wà á kọjá lára ìwọ elẹ́sẹ̀ méjì níbùdókọ̀." Àkànní, ẹ ti mọ ẹnu lò jù.

Àmọ́ mọ́tò náà ní ìwàǹwara. Tí a bá dé òkè tó wà lójú ọ̀nà wa, kí ẹ́ńjìnnì tó gba agbára, jíà á ti kánjú pààrọ̀, mọ́tò á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ìyá arúgbó. Lọ́rì tó kó ẹ̀gẹ́ á dé ẹ̀yìn mi, á máa fọn fèrè, awakọ̀ á máa bú mi. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá lójú òkè, ẹ̀rù bà mí débi pé bí mo ṣe délé ni mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún yín. Mo ní mi ò wà á mọ́, kí ẹ lọ tà á.

Ẹ ò sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Ẹ kàn wọ ṣòkòtò àlòkù, ẹ sùn sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ gbé orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ jáde, ojú yín ń dán. Ẹ ní ike pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà tí kò ṣiṣẹ́ kankan, àti pé nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ bá orí wáyà lábẹ́ rẹ̀ tí wọn ò so mọ́ ohunkóhun. Ẹ ní àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn ti fi àyè súìṣì sílẹ̀, wọn ò kàn fún tiwa ní súìṣì ni. Tí a bá fi súìṣì sí i, tí a sì tẹ̀ ẹ́, jíà ò ní kánjú mọ́, á dúró títí agbára á fi pé kó tó pààrọ̀. "Àbẹ̀ní, agbára wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀," bẹ́ẹ̀ lẹ wí. "A ò tíì bi í léèrè ni."

Ẹ gba Olódò lọ bá Múfútàú, ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe ríwáyà mọ́tò, ẹni tó ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa tí àwa náà ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀. Ara mọ́tò irú tiwa kan tó ti kú sínú igbó lẹ ti tú súìṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fíúsì jó, jíà kan ṣoṣo ni mọ́tò sì mú, bí ìgbín lẹ ṣe wọ́ ọ délé. Ẹ̀yin àti Múfútàú ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ tún padà lọ, ẹ tún un so. Ní Sátidé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a dé ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ ní, "Tẹ̀ ẹ́." Iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan tàn, ẹ́ńjìnnì ké, mọ́tò di òkè mú, ó ń gùn ún! Mo pariwo. Àwọn tó ń ro oko lẹ́bàá ọ̀nà gbé àdá sókè kí wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó bá mi lẹ́yìn tí kò kọjá mi, àyàfi lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ kó mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Alàgbà gbàdúrà sórí mọ́tò, wọ́n ta òróró sí iwájú, wọ́n ta sí ẹ̀yìn, wọ́n ní ibi tí agbára gan-an wà ni òróró yẹ kó dé, ni wọ́n bá da ìyókù sórí súìṣì. Èéfín rú túú! Àwọn ìyá ìjọ kígbe "Ògo!", wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló sọ̀kalẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà, ẹ ní, "Bàbá, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bá wa fi mọ sí táyà." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ẹ wá súìṣì mìíràn fi sí i, ẹ ò ráhùn.

Láti ìgbà náà, ibi tí a bá jọ ń lọ, èmi ni mo ń wà á. Ẹ ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ó ká ọwọ́ lé itan, ẹ ó máa kọrin lábẹ́ ohùn. Mo sì ń rí i pé ẹ̀rù máa ń bà yín tí mo bá ya tírélà sílẹ̀, àmọ́ ẹ ò fọwọ́ kan sítíárì mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ọkọ wo ló tún máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá yìí, ẹ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òógùn bò yín. Ẹ ní, "Àbẹ̀ní, àyà mi." Aládùúgbò bá mi gbé yín sínú mọ́tò. Mo wà á, mo ń pe Jésù, mo ń pè yín. A dé òkè, lọ́rì ẹ̀gẹ́ wà níwájú wa, ó ń wọ́ rìn. Ẹ la ojú, ẹ ní, "Tẹ̀ ẹ́." Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ò tíì gun òkè bẹ́ẹ̀ rí, Àkànní. A ya lọ́rì sílẹ̀. Ẹ ní, "O káre." Ẹ wá gbé orí lé mi léjìká. Mo rò pé ara tù yín ni. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ, mo ń sọ ohun tí a máa jẹ ká bá padà délé, títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Dókítà wò yín, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú púpọ̀." Ó fi aṣọ bo ojú yín.

Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Wáyà ò já, fíúsì ò jó, lọ́rì ò dí wa lọ́nà. Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe, mọ́tò náà sì ṣe tirẹ̀. Ká ní ó kọṣẹ́ lójú òkè ni, ǹ bá yọ àáké sí i, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Ta ni kí n wá bá jà? Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé Olúwa ló fi fúnni, Olúwa ló gbà á. Mo gbọ́, ẹ ṣeun, kò tíì wọ̀ mí létí. Wọ́n ní kí n fara dà á nítorí àwọn ọmọ wa, Bọ́lá àti àbúrò rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi dà á? Agbè ló fọ́, omi sì dànù tán.

Àbúrò yín wá bá mi, ó ń sunkún, ó ní òun máa wa mọ́tò náà lọ́jọ́ ìsìnkú, kí n jókòó sẹ́yìn. Mo ní rárá. Èmi fúnra mi ni mo máa wà á tẹ̀lé pósí yín lọ sí itẹ́ òkú ìjọ, àga ẹ̀gbẹ́ mi á sì ṣófo. Òkè yẹn náà la máa gbà. Mi ò ní fọwọ́ kan súìṣì. Kí lọ́rì wá sẹ́yìn mi, kó fọn fèrè, kí awakọ̀ bú mi bó ṣe wù ú. Ibi tí à ń gbé yín lọ yìí, mi ò fẹ́ ká tètè débẹ̀.

Sùn re o, Àkànní. Sùn re, ọkọ arọ. Ẹ máa lọ níwájú, mò ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn yín.