Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Bá Àgbà Jiyàn ní Èdè Faransé

Òórùn òjé yíyọ́ ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Múṣin, òjé àti eruku tó gbóná lára wáyà. Rédíò ni wọ́n máa ń tún ṣe. Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n tún rédíò kan ṣe tán, wọ́n wá ń yí i kiri láti wá ibi tí ohùn ti mọ́. Bí ohùn obìnrin kan ṣe bọ́ sí wa létí nìyẹn, tó ń ka ìròyìn ní èdè Faransé. N kò gbọ́ ju "Kútọ̀nú" lọ nínú ohun tó sọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yọ́ wọ inú ara wọn lẹ́nu rẹ̀ gbà mí lọ́kàn pátápátá. Mo ní, "Bàbá mi, kí ni wọ́n ń sọ?" Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé ìdí òjé lo máa ti bá mi?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Yábàá ti já níwájú, lẹ́tà D ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Láràárọ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí ìròyìn, màá kọ ohun tí mo bá gbọ́ sílẹ̀ bó ṣe dún, màá wá lọ wá a nínú ìwé. Kí n tó wọ yunifásítì, mo ti kọ ìwé mọ́kànlá kún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ mí ní "Ará Páríìsì ti Múṣin", ó sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe rò lọ.

Ní yunifásítì, èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àkọsílẹ̀. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ ní ìparí ọdún kejì, ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu wà. Ẹni tó bá gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa rán lọ sí Kútọ̀nú fún odindi ọdún kan kí èdè náà lè fìdí múlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Kútọ̀nú yìí ni mo ti ń lá lálàá rẹ̀ láti ọjọ́ rédíò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé olùdánwò á sọ ohun tí òun náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìwọ á sì bá a jiyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá kan tó lè bí ìyá mi ló jókòó síwájú mi. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò fẹ́ràn iṣẹ́. Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà." Wọ́n ní wọn kì í kàwé pẹ̀lú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà." Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ fi tán. Mọ́kànlélógójì ni mo gbà.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ, ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọ̀nú ni wọ́n, wọ́n gbọ́ Yorùbá bíi tiwa. Màdáàmù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì.

"Ọmọ Múṣin, ṣé èdè ọ̀hún ló sá lọ?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O mọ rárá sọ. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ níbẹ̀?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn pé àgbàlagbà ni ìyá yẹn, pé láti kékeré, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu mi kì í lè ta kò ó. Mo rò pé wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé. Àmọ́ o ń kúnlẹ̀ nínú gbogbo gbólóhùn. Ìgbà wo lo máa wá dìde sọ̀rọ̀?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí n tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo ṣì ń yìn wọ́n fún. Wọn kò fún mi ní ìwé kankan. Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n mú mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń dúró ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì máa jiyàn bọ́ọ̀lù. Mẹkáníìkì kan tí ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kojú bàbá arúgbó kan.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá!"

"Ìwọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù!"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ ti àtijọ́ lẹ̀ ń sọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Màdáàmù fọwọ́ tọ́ mi. "Ó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà tán, ó wá jà. Ìwọ, ibi ọ̀wọ̀ lo ń dúró sí. Ó yá, wọ inú wọn lọ."

Mo wọ inú wọn, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí Màdáàmù bá ti pàdé mi, irọ́ ni wọ́n máa fi kí mi ní Faransé. "Òjò kì í rọ̀ ní Èkó." "Ìbàdàn ni Sùúrùlérè wà." N kò ní lè kọjá àyàfi tí mo bá jiyàn rẹ̀, aago ọwọ́ wọn ni wọ́n sì máa ń wò. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni mo lò lọ́jọ́ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ti lo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀fìnkìn há wọn lóhùn pátápátá, wọ́n ṣì fipá sọ ọ́ jáde: "Ohùn mi já gaara lónìí." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ àtúnṣe ìdánwò, bàbá kan tí n kò rí rí ni wọ́n fi síwájú mi. Wọ́n ní ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ́ èdè kò mọ èdè kankan. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo wá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ ti rédíò, mo sọ ti ìwé mọ́kànlá. Wọ́n dá mi dúró. "Kí lo wá ń ṣe ní yunifásítì nígbà náà?" Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé òótọ́ lẹ sọ. Mo wá ní, "Nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, sà, kò sí èyí tó bá mi jiyàn rí. Ẹni tó máa já mi ní koro ni mo wá wá síbí, mo sì ti rí i." Bàbá náà gbé bírò sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo gbà, mo sì lọ sí Kútọ̀nú.

Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ lórí ẹni, èdè ti dé nìyẹn. Ọwọ́ Màdáàmù ni mo ti mọ̀ pé èdè ń di tèmi lọ́jọ́ tí mo bá lè dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ ilé mi, kí n ṣì sọ ohun tó wà nínú mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó fún ìdánwò Faransé tó ga jù. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n fún mi ní mẹ́tàlélógún nínú márùndínlọ́gbọ̀n. Lẹ́tà tí mo fi ń bá wọn jiyàn lórí méjì tó kù ti wà lọ́nà.