Bàbá Onílé Lórí Tíúbù

Lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ìgàndò, dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ilé gbé kalẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá òkè ni olórí wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, ó sì ní òun kò ní í jókòó máa retí iṣẹ́ nígbà tí gbogbo wa ń da iná nù sórí ààtàn lójoojúmọ́.

Wọ́n po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi sínú dúrọ́ọ̀mù náà, wọ́n dé e pa kí atẹ́gùn má wọlé. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó wà nínú ìgbẹ́ yẹn, ni yóò máa jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bá dà sí i. Gáàsì tí wọ́n bá tú jáde yóò gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú tíúbù táyà tírélà, láti ibẹ̀ lọ sídìí ààrò. Èmi ni mo wá tíúbù náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ní Ìyànà Ìpájà, mo sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo ara rẹ̀ láti wò bóyá ó ń jò. Kò jò.

Òfin wọn wù mí. Ẹni tó bá mú kóńgò èèpo kan wá, ó ní ìkòkò kan láti gbé kaná. Kóńgò kan náà ni fún ẹni tó ní yàrá mẹ́ta àti ẹni tó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tí a kò rò ni pé bí a ti gbé kóńgò jáde, a ti pe ọjà wá sílé nìyẹn. Ìyá aláṣọ funfun tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kì í wọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ béèrè.

“Èènì mi dà?”

“Èènì kí ni, mà?”

“Àbí o ò rí bí èèpo mi ṣe ga lórí kóńgò ni? Ẹni tó ta gàrí fún mi láàárọ̀ yìí fún mi léènì.”

Ọmọbìnrin náà fi iná ìkòkò kékeré kan ṣe èènì fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti gbọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu nípọn débi pé èyí tó kù fún jíjẹ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọkùnrin kan gbé odidi iṣu wá, ó ní èèpo ni, inú rẹ̀ lòun ò tíì yọ.

Bàbá onílé kò fẹ́ràn òórùn dúrọ́ọ̀mù náà. Mo mọ ìdí tó fi ń rùn, èèpo ti pọ̀ ju ohun tí àwọn kòkòrò náà lè jẹ lọ, ṣùgbọ́n bàbá kò dúró gbọ́ ọ. Ó ní bó bá jẹ́ iná lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, kó se ẹ̀wà fún ìpàdé ilé lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ̀wà bá rọ̀, dúrọ́ọ̀mù dúró. Bí kò bá rọ̀, wọ́n á gbé e lọ, òun á sì máa gbé ọkọ̀ òun síbẹ̀. Ó lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, ó yan ẹ̀wà tó le jù wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tíúbù tó yẹ kó le ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Èènì ló jẹ ẹ́ láàárọ̀: ẹnìkan fi se ògì, ẹnìkan fi gbé omi ìwẹ̀ kaná. A ṣáà gbé ẹ̀wà kaná. Iná náà búlúù dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kéré bí èékánná. Bàbá fi ìka tẹ ẹ̀wà kan wò.

“Ó ṣì le. Ẹ pe àwọn tó máa gbé e.”

Ọmọbìnrin náà lọ jókòó lórí tíúbù, iná sì gbéra. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín jù. Ó wo ìyá aláṣọ funfun.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó.”

“Pẹ̀lú sùtánà mi? Lórí táyà?”

“Ẹ̀yin lẹ gba èènì jù, mà.”

Ìyá tẹ́ ọ̀rá, ó jókòó. Èmi náà jókòó. Gbogbo ayálégbé jókòó yí ká bí èrò inú ọkọ̀ ojú omi. Iná ga, ẹ̀wà ń hó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì wú lára tíúbù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Gbogbo wa wo bàbá, torí òun ló sanra jù nínú ilé.

“Kí lẹ ń wò mí fún?”

“Ẹ̀wà yín ni, sà,” ọmọbìnrin náà wí.

Òórùn ata ti gba àgbàlá kan. Bàbá ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ní ìpàdé ṣáà lòun fẹ́ jókòó fún, ó sì jókòó. Iná fò sókè. Ibẹ̀ ló ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbé ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀. Ìdìde la fi ń dìbò nílé wa.

“Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù yìí kúrò, kó dìde.”

Òun fúnra rẹ̀ gbé ìdí sókè. Iná tẹrí ba.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀.”

Bàbá wo ìkòkò, ó wò wá, ó sì rọra padà jókòó. Kò sẹ́lòmíràn tó mira.

Ẹ̀wà náà rọ̀. Orí tíúbù ni bàbá ti jẹ tirẹ̀, ó lá ṣíbí, ó sì na àwo òfìfo sí ọmọbìnrin náà.

“Èènì mi ńkọ́?”